Adé àti Ọ̀pá Àlùfáà

Àwọn babaláwo a máa sọ ìtàn kan nínú Ìwòrì Méjì. Wọ́n ní Ọ̀rúnmìlà bí ọmọ mẹ́jọ, gbogbo wọn sì di olóyè. Alárá àti Ajerò, tí a mọ oyè wọn títí di òní ní Arámọkọ àti ní Ìjerò, wà lára wọn. Ní ọjọ́ kan tí Ọ̀rúnmìlà ń ṣe ọdún, ó ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń dé ni ó ń wólẹ̀ kí bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan Ọlọ́wọ̀, àbíkẹ́yìn wọn, ó dúró ṣánṣán. Ó ní bàbá òun dé adé, òun náà dé adé, kò sì yẹ kí adé wólẹ̀ fún adé. Ọ̀rúnmìlà bínú, ó fi ayé sílẹ̀ lọ sí ọ̀run, ayé sì dàrú.

Ìbéèrè ńlá ni ìtàn yìí gbé ka iwájú wa. Bí ẹni tí ó dé adé àti ẹni tí ó ń bá aráyé bẹ ọ̀run bá pàdé, ta ni yóò wólẹ̀ fún ta ni? Ìbéèrè yìí kan náà ni ó da ilẹ̀ Yúróòpù rú ní ayé àtijọ́.

Ní ìgbà náà, Póòpù tí ó wà ní Róòmù ni olórí ìjọ ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní ilẹ̀ púpọ̀, agbára wọn sì tó ti ìjòyè ńlá. Nítorí èyí, ọba fẹ́ máa fi bíṣọ́ọ̀bù jẹ, kí ó sì máa fi òrùka àti ọ̀pá oyè lé e lọ́wọ́. Àlùfáà ẹ̀wẹ̀ ni ó ń ta òróró sí ọba lórí. Bí ọba ti ń fi àlùfáà jẹ, tí àlùfáà sì ń fi ọba jẹ, ìjà kò lè ṣàìdé, nítorí àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan.

Ní ọdún 1075, Póòpù Gregory Keje kìlọ̀ fún Henry Kẹrin, ọba Jámánì, pé kí ó yé fi bíṣọ́ọ̀bù jẹ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1076, Henry àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kéde pé Gregory kì í ṣe Póòpù mọ́. Gregory náà yọ Henry kúrò nínú ìjọ, ó sì tú àwọn ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀ kúrò nínú ìbúra tí wọ́n ṣe fún un. Àwọn ìjòyè Jámánì tí wọ́n ti ń wá ọ̀nà àtiyọ ọba wọn lóyè rí àyè. Wọ́n ní bí kò bá rí ìdáríjì gbà kí ọdún yípo, àwọn yóò kọ̀ ọ́ ní ọba. Henry gun òkè oníyìnyín kọjá lọ sí Ítálì. Ní oṣù Kìíní ọdún 1077, ó fi ọjọ́ mẹ́ta dúró láìwọ bàtà ní ẹnu ọ̀nà ilé olódi Canossa, títí Póòpù fi dárí jì í. Síbẹ̀síbẹ̀, oṣù méjì lẹ́yìn náà, àwọn ìjòyè yan Rudolf ní ọba, ogun sì bẹ́ sílẹ̀. Ọdún 1122 ni wọ́n tó parí ọ̀rọ̀ òrùka àti ọ̀pá náà: ọba fi í sílẹ̀ fún ìjọ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Henry Kejì fẹ́ kí á dé ọmọ rẹ̀ ládé nígbà tí òun ṣì wà láàyè, kí ìjà má bàa dé lẹ́yìn òun. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, Thomas Becket, ni ó ni ẹ̀tọ́ láti ṣe é, ṣùgbọ́n ó ti bá ọba jà, ó sì ti sá lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ọba pe bíṣọ́ọ̀bù àgbà York, òun ni ó sì dé ọmọ náà ládé ní oṣù Kẹfà ọdún 1170. Becket fi ìyà ìjọ jẹ àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ọba fi ìbínú sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ogun mẹ́rin sì lọ pa Becket nínú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún náà. Ọmọ tí wọ́n tìtorí adé rẹ̀ ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kú ní ọdún 1183, ṣáájú bàbá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ilé. Ní oṣù Keje ọdún 1930, ìsọjí ńlá bẹ̀rẹ̀ ní Iléṣà lábẹ́ ìwàásù Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Láìpẹ́, oníwàásù náà dé Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Ọba Aládéjàre Agúnsóyè, Aláayè, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì fún òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ibùgbé. Nígbà tí wọ́n tọrọ ilẹ̀ àdúrà, ọba ní kí wọ́n yan èyí tí ó wù wọ́n. Igbó ẹ̀yìn ìlú tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ nítorí ìbẹ̀rù ni wọ́n yàn. Wọ́n ṣán an, ibi kankan kò ṣe wọ́n, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gba ìgbàgbọ́. Aláayè tìkára rẹ̀ ṣe ìrìbọmi, ó gba orúkọ Sólómọ́nì. Ọba Adéoyè, Alárá ti Arámọkọ, gba orúkọ Hesekáyà.

Ẹ kíyè sí i pé orúkọ ọba ni àwọn méjèèjì gbà. Sádókù àlùfáà ni ó ta òróró sí Sólómọ́nì lórí, ṣùgbọ́n Dáfídì bàbá rẹ̀ ni ó yàn án. Sólómọ́nì yìí kan náà ni ó sì yọ Ábíátárì kúrò nínú iṣẹ́ àlùfáà, nítorí pé ó gbè lẹ́yìn Ádóníjà nígbà tí oyè ń bọ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ni Aláayè dá lé. Ní ilẹ̀ wa, ọba ni olórí àwọn ọdún ìbílẹ̀, bàbá sì ni ó jẹ́ fún abọrẹ̀ àti onígbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan yà Ẹ̀fọ̀n sọ́tọ̀ sí Canossa àti Canterbury. Oníwàásù bá Aláayè lórí ìtẹ́ ni; ìjọ kọ́ ni ó fi í jọba. Ìdílé ọba ni ó ń fa ọmọ oyè kalẹ̀, àwọn afọbajẹ ni ó sì ń yàn án. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe òfin oyè ní ọdún 1957, ìdílé ọba àti afọbajẹ náà ni òfin ní kí á kọ sílẹ̀. Ní Ìbàdàn bákan náà, Isaac Babalọlá Akínyẹlé, ààrẹ àkọ́kọ́ fún ìjọ Kírísítì Àpọ́sítélì, di Olúbàdàn ní ọdún 1955. Àtẹ̀gùn oyè Ìbàdàn ni ó gùn débẹ̀, kì í ṣe àga ìwàásù.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ nìyí: ẹni tí ó bá yá adé lọ́wọ́ àlùfáà, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àlùfáà yóò bèèrè gbèsè. Ọba tí ó bá sì fẹ́ ní adé, kí ó tún ní ọ̀pá àlùfáà, òwe àwọn baba wa bá a wí: a fi ọ́ jọba, o ń ṣe àwúre, ṣé o fẹ́ di Ọlọ́run ni? Ó tọ́ kí àlùfáà bá ọba wí bí ọba bá ṣìnà. Kò tọ́ kí ó ta adé. Nígbà tí Babalọlá kú ní ọdún 1959, Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n sin ín sí, ní ìlú ọba tí ó fún un ní ilẹ̀. Aláayè kò di àlùfáà, Babalọlá kò sì di afọbajẹ.

Ìbéèrè
1. Kí ni Ọlọ́wọ̀ sọ tí Ọ̀rúnmìlà fi bínú?
2. Ìdáríjì Póòpù kò gba Henry Kẹrin lọ́wọ́ ogun. Kí ni ó fà á?
3. Kí ni ó ya ọ̀rọ̀ Ẹ̀fọ̀n sọ́tọ̀ sí ti Canterbury?
4. Kọ àròkọ lórí òwe yìí: ‘Ọba tí ó jẹ tí ìlú tòrò, a kò ní gbàgbé rẹ̀, ọba tí ó jẹ tí ìlú tú, a kò ní gbàgbé rẹ̀.’