Ẹ̀kọ́: Ọmọ Ni Obìnrin Nínú Ilé Bàbá Rẹ̀
Bíbélì Kíkà: Númérì 27:1-11

Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin Selofehádì dúró níwájú Mósè nítorí ilẹ̀ bàbá wọn, wọn kò tọrọ àánú. Ẹ̀tọ́ ni wọ́n béèrè. Ìtàn wọn mú wa rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tí bàbá rẹ̀ gun orí oyè Ṣọ̀ún ní 1973. Ó kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní Berkeley, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìmọ̀ àwùjọ ní Stony Brook, ní Amẹ́ríkà. Ìwé rẹ̀, The Invention of Women, jáde ní 1997. Ní 1998 ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àwùjọ ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀bùn dá a lọ́lá nítorí rẹ̀.

Ó ní kí òyìnbó tó dé, kì í ṣe akọ àti abo ni Yorùbá fi ń to ènìyàn, bí kò ṣe ẹni tó ṣáájú àti ẹni tó tẹ̀lé. Ẹ wo èdè wa. Ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. “Ó” kan náà ni a ń lò fún bàbá àti ìyá, ìdí nìyí tí àwọn ọmọ tí a kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fi máa ń pe ìyá wọn ní “he”! Ní Ìbògùn níbí, ìyàwó ilé ṣì ń pe ọmọbìnrin tó bá nínú ilé ní “ọkọ mi”, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún méje. Ó ní ìjọba òyìnbó ló kó àkóso fún ọkùnrin, àti pé nígbà tí ilẹ̀ di ohun títà, ọwọ́ obìnrin kúrò lórí rẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ta kò ó. Àwa náà rò pé ó yin àtijọ́ jù díẹ̀, nítorí ètò tó sọ ọmọbìnrin di ọmọ onílé náà ló sọ ìyàwó di àlejò; àwọn opó àárín wa mọ èyí.

Ṣùgbọ́n ní ti ilé bàbá, a wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti Ìfọ̀ títí dé Mowe ni wọ́n ti ń ta ilẹ̀ ẹbí, bí owó bá sì dé, wọn a ní obìnrin ti lọ sílé ọkọ. Ta ló ṣe òfin yẹn? Àṣà Yorùbá tí ilé ẹjọ́ ti gbà tipẹ́ kò yọ ọmọbìnrin kúrò nínú ogún bàbá rẹ̀.

Kí ìpàdé wa tó ń bọ̀ tó pé, kí olúkúlùkù béèrè lọ́wọ́ àgbà ilé bàbá rẹ̀ pé: ibo ni ìyá wa àgbà dáko sí, ta ni ó sì ń jẹ ibẹ̀ lónìí? Ẹ kọ ìdáhùn sínú ìwé, kí ẹ mú un wá.