Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀGBẸ̀: ÀBÀTÀ TÍ Ń FỌ OMI ÌDỌ̀TÍ

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, Odò Anambra, tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní Omambala, ń ṣàn wọ Odò Ọya nítòsí Onitsha. Omi tí a fi fọ ilé ẹlẹ́dẹ̀, bí ó bá dé odò, ọmọ ẹlòmíràn ni yóò pọn ọ́n mu. Ìgbẹ́ gbuuru a máa bá irú omi bẹ́ẹ̀ rìn.

Ohun tí a ó ṣe nìyí:

1. Ẹ gbẹ́ kòtò kékeré tí omi náà yóò kọ́kọ́ dúró sí, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lè wà nísàlẹ̀.

2. Ẹ gbẹ́ kòtò gígùn tẹ̀ lé e, kí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 2. Ẹ fi amọ̀ rẹ́ inú rẹ̀, kí omi má baà jò lọ sí kànga.

3. Ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ kún un, kí ẹ sì gbin koríko irà sí i.

4. Ẹ jẹ́ kí omi máa gba abẹ́ òkúta kọjá díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá dúró lókè, ẹ̀fọn yóò yé sí i.

Àwọn kòkòrò tí ojú kò rí, tí ń gbé ara òkúta àti gbòǹgbò, ni yóò jẹ ìdọ̀tí náà. Koríko yóò fi ìyókù ṣe ajílẹ̀.

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), oko Songhai, tí Àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, ti fi ewéko ojú omi fọ omi ìdọ̀tí.

Omi tí ó bá jáde kì í ṣe mímu o! Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ dà á sí. Ẹ má sì ṣe da oògùn apakòkòrò sínú àbàtà yìí, nítorí yóò pa àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè: Níbo ni omi ilé ẹran yín ń ṣàn sí?