Ta ló ń kọ́ ọmọ yìí?

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, tí ẹ kọ̀wé láti Houston, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ojú ewé mẹ́rin ni lẹ́tà yín. Ẹ béèrè bóyá ó tọ́ kí Kristẹni kọ́ ọmọ nílé títí dé yunifásítì, ẹ sì to ohun tí pásítọ̀ wí àti ohun tí àbúrò yín wí sílẹ̀. Kí ìyẹn dúró ná. Gbólóhùn kan lójú ewé kẹta ni kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ ní bí ẹ bá ti iṣẹ́ òru dé láti ọsibítù, oorun máa ń gbé yín lọ lórí ìwé àlíjẹ́brà. Àkọ́bí yín, ọmọ ọdún 16, á rọra bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ yín, á fi aṣọ bò yín, á wá mú bírò pupa, á máàkì iṣẹ́ ara rẹ̀.

Ta ló wá ń kọ́ ọmọ yìí?

Ọkọ yín ni ọ̀rọ̀ kàn. Wọ́n ní Ọlọ́run ló bá àwọn sọ̀rọ̀, wọ́n tọ́ka sí Deutarónómì orí 6, wọ́n yọ àwọn ọmọ kúrò nílé ìwé, wọ́n sì gba ibi iṣẹ́ lọ. Kí wọ́n tún orí náà kà. Òbí tó ń bá ọmọ jókòó nílé, tó ń bá a rìn lọ́nà, tó wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ ń jí, ni àṣẹ yẹn ń bá wí. Ẹni tó bá ní Ọlọ́run rán òun níṣẹ́ kì í di ẹrù náà ru ìyàwó rẹ̀. Bí wọn ò bá ráyè kọ́ ọmọ, kí wọ́n wá olùkọ́ fún un. Pọ́ọ̀lù náà jókòó lẹ́sẹ̀ Gàmálíẹ́lì, ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ́rìí sí i nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 22.

Mo rántí ọmọkùnrin kan n'Íbàdàn tí àwọn òbí rẹ̀, olùfọkànsìn pọ́ńbélé, kọ́ nílé. Ó jókòó ṣe GCE, ó sì yege nínú kẹ́mísírì. Orí ìwé ni WAEC ti máa ń bi àwọn tó ń ṣe GCE ní ìbéèrè nípa iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ ò kan ohun èlò kankan rí. Ó dé yunifásítì, wọ́n gbé burẹ́ẹ̀tì lé e lọ́wọ́, kò mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣí i. Orí ọmọ náà pé. Ibi tí ìmọ̀ òbí rẹ̀ parí sí ni tirẹ̀ náà dúró sí, ẹnikẹ́ni ò sì gbà á níbẹ̀.

Òfin Texas wà lẹ́yìn yín. Láti ọdún 1994 tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ti dájọ́, bí ilé ìwé aládàáni ni wọ́n ń wo ilé tí òbí ti ń kọ́ ọmọ. Yunifásítì ìjọba níbẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ tìtorí ẹ̀kọ́ ilé ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n òbí ló ń kọ transcript. Máàkì ta ni ẹ fẹ́ kọ sórí ẹ̀? Ẹ mú àkọ́bí yín lọ sí Houston Community College tàbí Lone Star College, kẹ́ ẹ béèrè dual credit: á máa ṣe iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, iṣẹ́ kan náà á sì wọnú ẹ̀kọ́ girama rẹ̀. Yàrá kẹ́mísírì ń bẹ níbẹ̀, olùkọ́ tó ń máàkì ń bẹ níbẹ̀, ilé yín náà ni yóò sì ti máa gbàdúrà àárọ̀. Ní ti yunifásítì, ẹ bi í léèrè. Nínú ojú ewé mẹ́rin, ẹ ò sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́.

Ìyá dáadáa, mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín. Ọmọ tó ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n rán an, ẹ ti kọ́ ọ ní ohun tó jẹ́ tiyín láti kọ́ ọ, ó sì ti mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ojú ewé yìí han ọkọ yín, kẹ́ ẹ sì lọ sùn. Lálẹ́ òní, bàbá rẹ̀ ni kó mú bírò pupa yẹn.