Ara Ní Ẹ̀tọ́ Lórí Akẹ́kọ̀ọ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ènìyàn ní ìṣẹ̀dá tí ó dára jù lọ. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ọ̀ranyàn ni wíwá ìmọ̀. Yunifásítì Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Ìkòròdú, ẹ̀ka LASU wà ní Ẹ̀pẹ́, ilé-kéwú sì wà káàkiri àdúgbò wa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń jókòó ti ìwé tàbí kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ di alẹ́, wọn kì í dìde àfi láti jẹun.

Àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní ilé-kéwú, ẹni tí kò bá dìde lórí ẹní ni a ń kà sí akínkanjú. Ẹsẹ̀ a kú, ẹ̀yìn a máa ro wá, a ó sì pè é ní sùúrù. Lónìí, a kì í tètè lè dìde láti ìforíkanlẹ̀.

Abdullah ọmọ Amr ń gba ààwẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń fi gbogbo òru kírun. Ànábì kọ̀ ọ́ fún un, ó ní ara rẹ̀, ojú rẹ̀ àti aya rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Bí ìjọ́sìn bá ní gbèdéke, ìwé kíkà ńkọ́?

Ìjókòó pípẹ́ a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ lọ́ra nínú ẹsẹ̀, ó sì wà lára ohun tí ń ṣílẹ̀kùn fún àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn àgbàlagbà nímọ̀ràn pé, ó kéré tán, kí wọ́n máa fi 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe ohun tí ń mú ara gbéra, bíi rírìn kánmọ́kánmọ́. Bí a bá pín in sí ọjọ́ márùn-ún, 30 ìṣẹ́jú ni lójúmọ́.

Àwọn Banu Salima fẹ́ kó wá sí tòsí mọ́sálásí Mẹ̀dínà. Ànábì ní kí wọ́n dúró sí ilé wọn, nítorí pé a ń kọ ipasẹ̀ wọn sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn wá kírun, ẹ má ṣe gun ọ̀kadà fún ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Láàárín ìrun kan sí èkejì, ẹ máa dìde ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ na ara. Ẹ̀yin olùkọ́ kéwú, ẹ má ṣe na ọmọ tí ó dìde láti na ẹsẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ọmọ tí ó gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́ kì í ṣe ọ̀lẹ.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ó ní àǹfààní, àti ìlera tí a ó fi lò ó. Àmín.