Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Mọ Ẹbí Rẹ̀

Gbogbo ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá wa láti ara ẹ̀mí kan ṣoṣo. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad àti àwọn ará ilé rẹ̀. Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, a ń rán ara wa àti ẹ̀yin náà létí ìbẹ̀rù Ọlọ́hun.

Nígbà tí Ànábì wa wà ní ọmọ ọdún 6, Aminah ìyá rẹ̀ mú un rin ìrìn àjò láti Mọ́kà lọ sí Yathrib, ìlú tí à ń pè ní Mẹ̀dínà lónìí. Ọ̀nà náà lé ní 400 kìlómítà. Òwò kọ́ ni wọ́n bá lọ. Ìdílé Banu Najjar ni wọ́n lọ kí, nítorí pé ibẹ̀ ni Salma, ìyá Abdul-Muttalib tí í ṣe bàbá àgbà rẹ̀, ti wá. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Aminah jáde láyé ní Al-Abwa. Ummu Ayman ni ó mú ọmọ òrukàn náà délé.

Ṣé ìrìn àjò náà já sí asán bí? Rárá. Ní ọdún 622, nígbà tí àwọn ọ̀tá gbìmọ̀ láti pa á ní Mọ́kà, Yathrib kan náà ni Ọlọ́hun mú un lọ. Àárín àwọn Banu Najjar ni ràkúnmí rẹ̀ kúnlẹ̀ sí. Ilé Abu Ayyub, ọ̀kan nínú wọn, ni ó sì wọ̀ sí títí a fi kọ́ mọ́sálásí àti ilé rẹ̀. Ọ̀nà tí ìyá mú ọmọ mọ̀ ni ọmọ padà tọ̀.

Àwa náà ńkọ́? Iléyá ni à ń pe ọdún ńlá wa, síbẹ̀ àwọn ọmọ wa kan ní Èkó àti ní Lọ́ńdọ̀nù kò mọ ojú ẹ̀gbọ́n bàbá wọn. A ń sọ pé owó ọkọ̀ ni kò sí. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ìjà ogún àti ti ilẹ̀ ni ó dí ọ̀nà. Ànábì sì ti kọ́ wa pé ẹni tí ó so okùn ìbí ní tòótọ́ ni ẹni tí wọ́n já a mọ́ lọ́wọ́, tí ó tún un so.

Nítorí náà, kí Iléyá tó dé, kí olúkúlùkù wa pe ẹni tí a ń bá yan odì. Kí a mú àwọn ọmọ délé, kí wọ́n kí àwọn àgbà, kí wọ́n sì tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún àwọn òkú wa. Bí a bá kú lónìí, ọ̀dọ̀ ta ni wọn yóò forí lé?

Kí Ọlọ́hun tún okùn ìbí wa so. Àmín.