“Ńkọ́” àti “Ìlọ́po” Nínú Ìṣirò Kòkó

Àgbẹ̀ tó gbé kòkó dé orí ìwọ̀n ní Ìdànrè lè ní: “Kílò 5 ni ₦35,000. Kílò 12 ńkọ́?” (Àpẹẹrẹ ni iye owó yìí o.) Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, “ńkọ́”, ti gbé gbogbo ìbéèrè náà dání. Ó dúró sí àyè iye tí a ń wá, ó sì ń sọ pé bí a ti ṣe fún ti àkọ́kọ́ ni kí a ṣe fún ìkejì. Lẹ́tà x ni àwọn ọmọ girama kékeré ń fi síbẹ̀.

Kí olùkọ́ jẹ́ kí ọmọ kọ gbólóhùn náà bó ṣe jáde lẹ́nu: 5 àti 35,000 lókè, 12 àti x nísàlẹ̀, kílò lábẹ́ kílò, owó lábẹ́ owó. Ìgbà yẹn ni yóò wá fa ìlà dábùú, 5 á lọ bá x, 12 á lọ bá 35,000. 35,000 lọ́nà 12 jẹ́ 420,000. Pín in sí ọ̀nà 5, ₦84,000 ni. Ìsọdipúpọ̀ ìdábùú ni mo fẹ́ kí a máa pè é. Ta ni kò mọ bí igi tó wó dábùú ọ̀nà ṣe ń rí? Ẹni tó bá ní Yorùbá kò lè gbé irú iṣẹ́ yìí, kí ó rántí Ifẹ̀: láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ọdún 6 gbáko.

Ọ̀rọ̀ tí a ń ṣì lò jù níbí ni “lẹ́ẹ̀mejì”. Bí a bá ní owó kòkó gòkè lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí a sọ ni pé ó gòkè lánàá, ó tún gòkè lónìí. Ó lè má ju náírà 10-10 lọ. Bí ₦7,000 bá di ₦14,000, ó di ìlọ́po méjì ni. Ní 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan tó lé díẹ̀ ní $4,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún lọ́jà àgbáyé ti kọjá $10,000 kí oṣù kẹta tó parí. Ìyẹn ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹ má pè é ní “lẹ́ẹ̀mejì”.

Ìlọ́po náà la fi ń dán “ńkọ́” wò. Bí kílò bá di ìlọ́po méjì, ṣé owó náà á di ìlọ́po méjì? Bẹ́ẹ̀ ni, ó yá, ẹ dábùú. Àmọ́ bí èèyàn 4 bá fi ọjọ́ 6 ro oko kòkó, èèyàn 8 ńkọ́? Ọmọ tó bá sáré dábùú á rí ọjọ́ 12, bí ẹni pé ọ̀pọ̀ ọwọ́ ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ọjọ́ 3 ni: èèyàn di ìlọ́po méjì, ọjọ́ di ìdajì. Àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè, tó lé ní 600, ńkọ́? Ẹni tó fi ìṣẹ́jú 2 gun 100 àkọ́kọ́ kò lè fi ìṣẹ́jú 2 gun 100 tó kẹ́yìn, nítorí ẹsẹ̀ á ti rẹ̀ ẹ́. Ìdábùú kò sí nínú ìyẹn rárá.