Ìṣirò Owó àti Owó-orí fún Àwọn Ilé-iṣẹ́ tí ń La Ọ̀nà tí Wọ́n sì ń Wa Ìpìlẹ̀ Ilé

Láti ọdún 1907 tí ojú irin ti gba Ẹdẹ kọjá dé Òṣogbo ni iṣẹ́ ilẹ̀ wíwà ti ń mú owó wọ agbègbè wa. Ní 1992 ni Ìjọba Àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ Pólì sílẹ̀ ní Ẹdẹ. Ní 2011 ni Yunifásítì Adeleke tẹ̀ lé e. Kò sí èyí tí a lè kọ́ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ wa ìpìlẹ̀, kí a la ọ̀nà, kí a sì gbẹ́ gọ́tà. Ẹni tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lè dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí Limited. Ṣùgbọ́n mímọ ilẹ̀ wíwà yàtọ̀ sí mímọ ìṣirò owó, àìmọ ìṣirò a sì máa sọ agbaṣẹ́ṣe tí iṣẹ́ rẹ̀ dára di onígbèsè.

Èkíní, ilé-iṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tí ó dá a sílẹ̀. Lójú òfin, ilé-iṣẹ́ dà bí ènìyàn tí ó dá dúró: ó lè ní ohun ìní, ó lè jẹ gbèsè, a sì lè pè é lẹ́jọ́. Nítorí náà, kí ó ní ìwé báńkì tirẹ̀. Bí olórí ilé-iṣẹ́ bá mú owó níbẹ̀ láti fi ṣe ìnáwó ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí gbèsè tí òun jẹ, nítorí pé kì í ṣe owó tirẹ̀ ni ó ná.

Èkejì, owó tí a kọ́kọ́ gbà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe èrè. Owó yanrìn, òkúta, sìmẹ́ńtì, epo katapílà àti owó ọ̀yà àwọn lébìrà ni. Ìwọ̀n iṣẹ́ tí a ti ṣe ni a fi ń ṣírò èrè. Bákan náà, ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún wa a máa dá apá kan owó dúró títí yóò fi dá a lójú pé ọ̀nà náà kò ní bàjẹ́. Kí a kọ èyí pẹ̀lú sínú ìwé, kí a má baà gbàgbé láti béèrè rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀ràn owó-orí, níbi tí ọ̀pọ̀ ń pàdánù sí. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe àlàyé. Ká ní ìjọba gbé iṣẹ́ ọ̀nà tí owó rẹ̀ jẹ́ 10,000,000 náírà fún ilé-iṣẹ́ kan ní Ẹdẹ, tí ilé-iṣẹ́ náà sì ti kọjá ohun tí òfin ń pè ní ilé-iṣẹ́ kékeré. Owó-orí ọjà tí a ń pè ní VAT, tí ó jẹ́ náírà 7.5 nínú 100 láti oṣù kejì ọdún 2020, yóò jẹ́ 750,000. Àpapọ̀ owó tí ilé-iṣẹ́ yóò kọ ránṣẹ́ jẹ́ 10,750,000. Ìjọba yóò yọ 750,000 náà sílẹ̀, nítorí owó-orí ni. Lẹ́yìn náà, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2024 tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2025, yóò tún yọ náírà 2 nínú 100 owó iṣẹ́ náà, èyíinì ni 200,000. Ohun tí yóò wọ báńkì ilé-iṣẹ́ jẹ́ 9,800,000.

Ẹ fi etí sí èyí dáadáa: 200,000 náà kò sọnù. Owó-orí èrè ilé-iṣẹ́ náà ni a san sílẹ̀ fún un. Bí owó-orí èrè rẹ̀ ní òpin ọdún bá jẹ́ 700,000, 500,000 péré ni ó kù láti san. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí ni yóò jẹ́rìí sí i. Òfin sọ ọ́ di dandan pé kí ẹni tí ó yọ owó náà fún agbaṣẹ́ṣe ní ìwé ẹ̀rí. Ẹni tí kò bá béèrè rẹ̀, tàbí tí ó jẹ́ kí ó sọnù, lè san 700,000 lódindi, kí ó sì ti san 200,000 lẹ́ẹ̀mejì. Bí ilé-iṣẹ́ kò bá sì ní nọ́ńbà owó-orí, ìlọ́po méjì ni a óò yọ: 400,000 dípò 200,000.

Ẹ̀kẹrin, ẹ mọ ibi tí owó kọ̀ọ̀kan ń lọ àti ọjọ́ rẹ̀. Owó-orí èrè àti VAT jẹ́ ti Ìjọba Àpapọ̀; láti ọdún 2026, Nigeria Revenue Service ni ó ń gbà á. Ìṣirò VAT oṣù kan gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn kí ọjọ́ 21 oṣù tí ó tẹ̀ lé e tó kọjá. Ìṣirò èrè ọdún, láàárín oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ọdún ìṣirò parí. Owó-orí tí a yọ lára owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbé ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun jẹ́ ti Ìpínlẹ̀, kí ọjọ́ 10 oṣù kejì rẹ̀ tó kọjá. Láti 2026 kan náà, kò sí owó-orí lórí 800,000 náírà àkọ́kọ́ tí òṣìṣẹ́ gbà lọ́dún. Ilé-iṣẹ́ kékeré lè má san owó-orí èrè rárá, ṣùgbọ́n kò bọ́ lọ́wọ́ fífi ìṣirò rẹ̀ ránṣẹ́.

Ní ìkẹyìn, ìwé ìṣirò kò nílò ọgbọ́n àrà. Ẹ fi ojú-ìwé kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: owó tí ó wọlé, owó tí ó jáde, owó tí a yọ, owó tí ó kù lọ́dọ̀ onílé. Ẹ so rìsíìtì pọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, gẹ́gẹ́ bí òfin ilé-iṣẹ́ ti wí. Katapílà tí a rà kì í ṣe ìnáwó ọdún kan. Ọdún púpọ̀ ni a ń pín owó rẹ̀ sí nínú ìṣirò owó-orí. Lórí èyí, kí ẹ wádìí lọ́wọ́ onímọ̀ ìṣirò tí ó ní ìwé àṣẹ.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Kí agbaṣẹ́ṣe tí ó bá ka ẹ̀kọ́ yìí lónìí yẹ àpótí ìwé rẹ̀ wò lọ́la: iṣẹ́ mélòó ni a ti yọ owó-orí lórí rẹ̀, ìwé ẹ̀rí mélòó ni ó sì wà níbẹ̀? Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, kí ó tètè lọ béèrè èyí tí ó kù.